Ìlù Dúdú Tí Òòfà Kò Gbé

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n kọ. Brọ̀dá Sùnkánmi, akọ̀wé ẹgbẹ́ bándì ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló gbé e wá sílé wa ní Olówógbowó lọ́jọ́ kẹta tí bàbá àgbà, bàbá tó bí ìyá mi, dágbére fáyé. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sórí pépà fínnífínní. Ó ní ká kàn fi sínú ìwé ètò ìsìnkú, nísàlẹ̀ ibi tí a bá ti kọ nípa ìgbésí ayé bàbá: "Kí ó tó lọ, ó kábàámọ̀ ìwà tó hù, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá Ìjọ." Tí a bá fi síbẹ̀, bándì yóò wọ yunifọ́ọ̀mù, wọn yóò fi ìlù sin òkú láti ẹnu ọ̀nà wa dé ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá ti jẹ́ olórí onílù rí, bíi bàbá. Tí a kò bá fi síbẹ̀, bándì kò ní wá sẹ́nu ọ̀nà wa, wọn kò sì ní lù.

Ìyá mi ní kí n kọ ọ́. Èmi ni mo máa ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí wa, torí pé mo jẹ́ tíṣà, wọ́n sì rò pé bíírò kò lè tán lọ́wọ́ tíṣà. "Àbẹ̀kẹ́, òkú kì í kàwé," ni màmá wí, ojú rẹ̀ ti wú. "Jẹ́ kí wọ́n fi ìlù sin bàbá mi. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi lù fún wọn." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí òótọ́ ni pé kò sí ohun tí bàbá àgbà fẹ́ tó kí ìlù sin òun lọ. Síbẹ̀, mi ò kọ ọ́. Èyí tí mo kọ nìyí, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á kà á.

Ìlù ló dá ìjà yìí sílẹ̀, kì í sì í ṣe ìlù awọ ewúrẹ́. Sínéà ni, ìlù roboto tí àwọn ọmọ bándì máa ń fi okùn kọ́ sí ìbàdí, tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń mú kó dún ṣáá-ṣáá tí wọ́n bá ń yan lọ lójú pópó. Awọ rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ike ni. Ara rẹ̀ láàárín ló ṣe pàtàkì. Àwọn kan fi irin ṣe é, àwọn kan fi idẹ, àwọn kan fi bàbà pupa, àwọn kan fi aluminiọ̀mù, ohun tí wọ́n bá sì fi ṣe é ló ń sọ irú ohùn tí yóò ní àti iye tó yẹ kí èèyàn rà á. Bàbá àgbà ń lu sínéà nínú bándì ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń tún un ṣe fún gbogbo ẹni tó bá ní i ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí. Fàráńdà wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé gbogbo ilé ló ní ìlù mẹ́wàá lójú ọ̀nà, àti pé gbogbo àlejò ló gbọ́dọ̀ fò wọ́n kó tó wọlé.

Tí wọ́n bá gbé ìlù wá, kì í bèèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é. Yóò tú awọ méjèèjì kúrò, yóò fi ìka kan gbé àgbá òfìfo náà rọ̀ sí afẹ́fẹ́, yóò wá fi oríkèé ìka kejì kàn án lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan náà ni. Yóò dijú. Ó kọ́ èmi náà bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ó fi gèlè màmá àgbà dì mí lójú, ó ní kí n máa sọ ọ́ bí mo bá ṣe gbọ́ ọ. Irin a máa pariwo, ó sì tún máa ń pariwo lọ lẹ́yìn tí o bá ti ṣe tán. Aluminiọ̀mù a sọ̀rọ̀ ṣókí, a sì jókòó. Bàbà pupa dà bí àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ láti inú yàrá, ohùn rẹ̀ wúwo, kò sì jáde tán. Idẹ nìkan ló ń dáhùn kúnkún, tó lọ́yàyà lójú, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Mo máa ń ṣì í pátápátá. Mo máa ń méfò, mo máa ń yọjú wo abẹ́ gèlè. Bàbá àgbà kì í nà mí. Yóò tún gèlè náà dì, yóò ní: "Etí rẹ ń wòran, Àbẹ̀kẹ́. Jẹ́ kó gbọ́."

Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ di áńgẹ́lì o. Olórí kunkun ni. Tí ọbẹ̀ bá ní iyọ̀ díẹ̀, kì í sọ pé ó dùn, kódà nílé ìyàwó tuntun. Ó sọ fún olórí akọrin lójú gbogbo ìjọ pé ohùn rẹ̀ ti lọ, kó máa kọrin pẹ̀lú àwọn tó jókòó. Olóòótọ́ ìlú nìkà ìlú, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì kà á sí ìkà. Màmá àgbà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ fún un pé, "Tí o bá dé ọ̀run tí ìlù ibẹ̀ bá jẹ́ irin, wàá dá gbogbo wọn padà sílé ayé." Kì í bínú. Yóò ní, "Mi ò ní dá wọn padà. Màá kàn sọ fún wọn."

Òòfà kan wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ nígbà gbogbo, èyí tó yọ lára sípíkà rédíò àtijọ́. Ó ń fa kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ra, ó ń fa ṣíbí, lọ́jọ́ kan abẹ́rẹ́ ìránṣọ ìyá mi lẹ̀ mọ́ ọn, ó bá a jáde nílé. Gbogbo nǹkan tó bá ń dán ni bàbá àgbà ń gbé òòfà náà lé. Nígbà tí mo mú Dèjì wálé, ẹni tó ti di ọkọ mi báyìí, bàbá kí i dáadáa, ó bèèrè àwọn òbí rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún un lómi. Lẹ́yìn náà ló ní kó jẹ́ kí òun rí aago ọwọ́ rẹ̀, aago aláwọ̀ wúrà tó tìtorí wa rà. Òòfà lẹ̀ mọ́ ọn tàì. Dèjì bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

"Ẹ má bínú, sà," ni Dèjì wí. "Wọ́n sọ fún mi pé wúrà ni wọ́n fi bò ó."

Bàbá àgbà yọ òòfà náà kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dá aago padà sí i lọ́wọ́. "Má bẹ̀ mí, ọmọ mi. Irin ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àfi kó má pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́."

Ó yẹ kí n sọ ti Alhájì Súlè, kí ẹ má bàa rò pé bàbá àgbà kò jẹ̀bi rí láyé. Alhájì ń rọ ìkòkò aluminiọ̀mù ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ọ̀rẹ́ bàbá àgbà ni láti ìgbà èwe. Nígbà tí ilé kéú àdúgbò wọn fẹ́ ní bándì, Alhájì fi aluminiọ̀mù tirẹ̀ rọ àgbá sínéà kan fún wọn, ó gbé e wá kí bàbá àgbà bá òun fi awọ àti wáyà sí i. Bàbá àgbà kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín. "Alhájì, ẹ kó ìrẹsì sí i," ló wí, níwájú àwọn oníbàárà méjì. Alhájì gbé ìlù rẹ̀, ó lọ. Oṣù mẹ́fà ni wọn kò fi kí ara wọn.

Ọjọ́ Mọ́lúdì ni ọ̀rọ̀ náà yí. Àwọn ọmọ kéú ń yan bọ̀ láti òkèèrè, a kò tí ì rí wọn, bàbá àgbà sì jókòó sí fàráńdà ó ń mú ẹ̀kọ. Ó gbé ife sílẹ̀. Ẹ mọ bí òpópónà wa ṣe há, tí ilé alájà gíga wà ní apá ọ̀tún àti òsì. Tí ìlù irin bá gba ibẹ̀ kọjá, ariwo rẹ̀ á máa kọlu ara wọn. Kódà idẹ á máa gùn lé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlù Alhájì tí a ń gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sí èyí tó di èyí lọ́nà. Bàbá àgbà dìde, ó dé fìlà, ó fà mí lọ́wọ́, a fẹsẹ̀ rìn dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Níwájú gbogbo ọmọ iṣẹ́ Alhájì ló ti ṣí fìlà yẹn.

"Ẹ̀yin lẹ gbọ́, èmi ni mi ò gbọ́," ló wí. "Nínú ilé ni mo ti dán an wò, ojú títì ni wọ́n rọ ọ́ fún. Ẹ má bínú, Alhájì."

"Ó ti tán, Bàbá," ni Alhájì wí. "Ẹ jókòó, ẹ mu omi."

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo bi í pé ṣé ojú kò tì í. Ó ní ojú ti òun gan-an. Ó wá sọ ohun tí mi ò jẹ́ gbàgbé láé: "Tí o bá jẹ̀bi, tètè tọrọ àforíjì nígbà tó ṣì gbóná. Tí o ò bá jẹ̀bi, jókòó jẹ́ẹ́."

Ẹni tó mọ bí a ṣe ń tọrọ àforíjì ni, ẹ rántí.

Ó tó ọdún méje báyìí tí Bàbá Ìjọ, olówó ṣọ́ọ̀ṣì wa, ra sínéà tuntun fún bándì. Ó ń dán bí ojú oòrùn, wọ́n sì gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Wọ́n ní idẹ gidi ni. Láti ìgbà tí bàbá àgbà ti wà lọ́mọdé ni ìjọ ti ní sínéà kan, àwọn àgbà tó ti sùn ló rà á. Ó ti dúdú, ó ti rí wúruwùru, ìgbìmọ̀ sì wò ó, wọ́n ní irin tó ti dípẹtà ni. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú páànù àtijọ́ kí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá kó o. Ohun tó ń dán nidẹ, ohun tó dúdú nirin, bí wọ́n ṣe pín in nìyẹn. Kò sí ẹni tó kàn án wò.

Ó ní ohun tí àwọn bándì wa máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè. Gbogbo wọn á jókòó sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ gbogbo ohun èlò onídẹ, fèrè àti ìlù, títí wọn yóò fi máa dán. Lọ́dún yẹn, Bàbá Ìjọ wá jókòó tì wọ́n, ó mú oníyàwòrán dání. Olórí onílù ló yẹ kó fọ ìlù tuntun. Bàbá àgbà gé ọsàn, ó tẹ̀ ẹ́ bọ eérú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo gbé oúnjẹ wá fún un. Kò tíì fọ̀ ọ́ dé ìdajì tí àwọ̀ wúrà náà fi ń bọ́ mọ́ àkísà, tí funfun irin sì yọ lábẹ́ orúkọ Bàbá Ìjọ. Idẹ kì í bọ́. Gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé gbogbo wọn ló ti ń fọ idẹ láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé.

Bàbá àgbà yọ òòfà jáde. Ó lẹ̀ mọ́ ìlù tuntun. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ìlù dúdú náà dé, ó gbé òòfà lé e. Òòfà bọ́ sílẹ̀. Ó tún gbé e lé e, ó tún bọ́. Ó wá fi ọsàn àti eérú tó ṣẹ́ kù fọ ojú kan péré lára rẹ̀, tó tó àtẹ́lẹwọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n idẹ yọ lábẹ́ dúdú náà, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Oníyàwòrán ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ti dójú tì mí, Bàbá," ni Bàbá Ìjọ wí nígbẹ̀yìn.

"Èmi kọ́, sà," ni bàbá àgbà dáhùn. "Ẹni tó tà á fún yín ló rẹ́ yín jẹ, ó sì dùn mí fún yín. Ẹ jẹ́ ká máa lù ú. Irin dáa, ó ń dún. Ẹ má ṣáà kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ pé idẹ ni."

Wọ́n ti kọ ọ́. Olórí onílù ló kù kó fọwọ́ sí ìwé náà, bàbá àgbà sì kọ̀. Ìgbìmọ̀ ní kó tọrọ àforíjì. Ó ní kí wọ́n sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀ fún òun. Alhájì Súlè pàápàá, tí kì í ṣe ọmọ ìjọ, gbéra láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó wá bẹ̀ wọ́n pé a kì í tìtorí gbígbó pa ajá. Wọn kò gbọ́. Wọ́n gba yunifọ́ọ̀mù bàbá àgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ká a fínnífínní kó tó fún wọn. Ó wá gbé ìlù dúdú náà kọ́ èjìká, ó ní, "Ẹ ti ní kó máa lọ. Ó ti lọ nìyẹn."

Tí ẹ bá rò pé ó fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi fún ọdún méje ló fi jókòó sí ìlà kejì, lẹ́yìn bándì gan-an. Tí wọ́n bá ti lu ìlù tuntun náà tán, tí ohùn irin náà bá ṣì ń dún lọ, bàbá àgbà á na ìka kan sókè. Kò ní sọ̀rọ̀. Ìka náà á wà lókè títí ohùn náà yóò fi kú pátápátá, kó tó wá sọ ọ́ kalẹ̀ sórí Bíbélì rẹ̀. Àwọn ọmọdé ìjọ kọ́ ọ, ìka bíi mẹ́wàá a sì máa wà lókè nígbà mìíràn. Ìyá mi máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jáwọ́. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i. Mi ò ní purọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, Brọ̀dá Sùnkánmi wá bẹ̀ ẹ́ wò lórí ibùsùn. Bàbá àgbà ló kọ́ ọ nílù, òun ló sì ń lu ìlù tuntun báyìí. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń fi tówẹ́ẹ̀lì nu ẹsẹ̀ bàbá. Brọ̀dá Sùnkánmi ní ìgbìmọ̀ rán òun, pé ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n fẹ́ gbọ́, kí gbogbo nǹkan lè yanjú.

Bàbá àgbà wò ó títí. "Sùnkánmi, ṣé ó ti di idẹ ni?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tán."

Lẹ́yìn tó lọ, bàbá na ọwọ́ sí ìlù dúdú tó wà lábẹ́ fèrèsé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà bándì mọ̀ pé tí wọ́n bá fẹ́ fi sínéà sin òkú, wọ́n máa ń tú wáyà ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ìlù má bàa sọ̀rọ̀ dáadáa, kó máa dún gbì-gbì bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. "Tó bá kan tèmi, ẹ má tú u," ló sọ fún èmi àti ìyá mi. "Mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi pa mọ́."

Nítorí náà, nígbà tí Brọ̀dá Sùnkánmi gbé pépà yẹn wá lọ́jọ́ kẹta, mo rán an létí ọ̀rọ̀ kan. Mo ní, "Brọ̀dá, ẹ wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá sọ."

Ó ń wo bàtà rẹ̀. "Mo wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, Sístà Àbẹ̀kẹ́."

Mo ní kó dá iṣẹ́ wọn padà fún wọn. Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Bándì kò wá sílé wa lóòótọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, pósí bàbá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ẹbí ti ṣe tán láti gbé e, gbogbo èèyàn ń retí ohun tí kò ní dé. Mo wọlé, mo gbé ìlù dúdú náà, mo fi okùn rẹ̀ kọ́ ọrùn lórí aṣọ ọ̀fọ̀ mi. Mi ò fọ̀ ọ́. Ojú kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ tí bàbá fọ̀ ló ń dán lára rẹ̀. Àǹtí kan láti ẹ̀yìn ní obìnrin kì í lu èyí. Ẹ̀rù ń bà mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Nítorí ẹ̀rù náà ni mo ṣe tú wáyà, bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń ṣe.

Ìyá mi wá bá mi. Mo rò pé yóò ní kí n gbé e sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan abẹ́ ìlù, ó wá ọ̀pá kékeré tó ń fa wáyà, ó sì tì í padà sókè. Ó dún kẹ́.

"Bàbá ní ká má tú u," ló wí. "Ó yá, máa lù ú."

Mo lù ú. Mo lù ú gba Olówógbowó kọjá, mo ṣì í lù níbi púpọ̀, àwọn èèyàn jáde sí fàráńdà, Alhájì Súlè fi ọ̀pá rẹ̀ rìn pẹ̀lú wa ní iwájú pósí. Nígbà tí a dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn bándì tí ìgbìmọ̀ kò jẹ́ kó lù tò síbẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù, ọwọ́ wọn lẹ́yìn, Bàbá Ìjọ àti ìgbìmọ̀ dúró lẹ́bàá wọn. Brọ̀dá Sùnkánmi ló wà níwájú, ìlù tó ń dán náà wà ní ìbàdí rẹ̀. Àṣà ni pé onílù á dúró ní géètì, á lu ẹyọ kan péré, kí wọ́n tó gbé òkú wọlé.

Mo lu ẹyọ kan.

Brọ̀dá Sùnkánmi mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn, lójú Bàbá Ìjọ, lójú gbogbo ìgbìmọ̀, ó na ìka kan sókè. Kò pẹ́ rárá tí ohùn ìlù dúdú náà fi dákẹ́, ó sì sọ ìka náà kalẹ̀.